Ọjọ́ Méjìdínlọ́gbọ̀n ni Dókítà Wí

Ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ó ṣòro kí èèyàn rí ilé tí kò ní agolo oògùn. Inú agolo mílíìkì tàbí ike bọ́tà tí wọ́n ti jẹ tán ni wọ́n máa ń kó àwọn oògùn tó ṣẹ́kù sí: hóró méjì tí wọ́n lò kù nígbà tí eyín ń dun Màmá, kápúsù mẹ́rin tó kù nígbà tí àbúrò ń wúkọ́, páálí kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí ẹni tó rà á. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, wọn á kọ́kọ́ tú agolo náà wò kí wọ́n tó rántí pé ilé ìwòsàn wà. Bó bá wá jẹ́ ajá tàbí ológbò ni ara rẹ̀ kò yá, agolo náà nìkan ni wọ́n máa ń wò, nítorí pé lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹranko kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Oògùn tó sábà máa ń pọ̀ jù nínú àwọn agolo wọ̀nyẹn ni èyí tí wọ́n ń pè ní áńtíbáyọ́tíìkì. Oògùn apakòkòrò ni èmi yóò máa pè é nínú àròkọ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe èyí tí à ń fín sí yàrá láti pa ẹ̀fọn ni mo ní lọ́kàn o. Kòkòrò tí mò ń sọ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Bakitéríà ni àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa ń pè é. Òun ló máa ń wọ ojú ọgbẹ́ tí ọgbẹ́ fi ń kẹ̀, òun náà ló sì lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ tí ara á fi máa gbóná. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni ampicillin, irú rẹ̀ sì ni tetracycline tí àwọn èèyàn wa ń pè ní tẹ́tírà. Mo ti rí i tí wọ́n bu ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí ojú egbò. Mo ti rí i tí wọ́n pò ó mọ́ omi fún adìẹ. Mo ti rí i tí wọ́n fi í sínú ẹ̀bà fún ajá, láìmọ ohun tó ń ṣe ajá náà.

Ajá tiwa ń jẹ́ Tanímọ̀la. Bàbá mi ló sọ ọ́ lórúkọ náà lọ́dún tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọdún yẹn gan-an la sì gba ajá náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Àmúlùmálà ni: ìyá rẹ̀ jẹ́ ajá ìbílẹ̀, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń lò. Alẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Màmá mi ní ìsọ̀ ìrẹsì àti gàrí níwájú ilé, láti ìgbà tí Tanímọ̀la sì ti ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ náà, olè kò jà níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, nígbà tí àìsàn mú un lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe pé a fẹ́ràn ajá nìkan ló kó wa lọ́kàn sókè. Ọ̀rọ̀ àtijẹ àtimu ilé wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ kọ̀. Ajá tó máa ń lá abọ́ àmàlà títí abọ́ á fi máa yí kiri ilẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn oúnjẹ tó sì ń yíjú kúrò. Lọ́jọ́ kejì, kò gbó mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò mi pè mí wá wo ẹ̀jẹ̀ tó ń kán láti ihò imú rẹ̀ kan. Nígbà tí mo ká ètè rẹ̀ sókè, èrìgì rẹ̀ tó yẹ kó pọ́n ti funfun bí ẹ̀kọ.

Bàbá onílé wa ló kọ́kọ́ dá ìmọ̀ràn. Ó ní, “Ẹ fún un ní kápúsù méjì, kí ẹ fi epo pupa lé e. Tó bá fi máa di ọ̀la, á ti dìde.” Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti wọlé lọ gbé agolo tirẹ̀ wá. Inú rere ló fi ṣe é, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Màmá mi mi orí. Ó ní òun kò tíì gbàgbé ọmọ ajá ilé kejì.

Ọmọ ajá yẹn kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ó ń bì, ó ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, olówó rẹ̀ sì ń fún un ní oògùn apakòkòrò tí wọ́n kọ fún òun fúnra rẹ̀ nígbà kan nílé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń fún un, tó ń retí kí oògùn ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fi ké sí dókítà ẹranko, ó ní àrùn parvo ni. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa parvo, kì í ṣe bakitéríà. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Oògùn apakòkòrò kì í pa fáírọ́ọ̀sì, bó ti wù kó pọ̀ tó. Dókítà lè fi í kún ìtọ́jú ajá tó ní parvo, kí bakitéríà má bàa gba ibi tí fáírọ́ọ̀sì ti ba ìfun jẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń fà sí ajá náà lára ló ṣe pàtàkì jù, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọn ì bá ti gún un ṣáájú sì dára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi ń dúró de kápúsù ni omi fi ń tán lára ọmọ ajá yẹn. A máa ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti inú ilé wa lóru. Lóru ọjọ́ karùn-ún, a ò gbọ́ ọ mọ́.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba fáírọ́ọ̀sì, ó yẹ kí n fi èyí kún un: fáírọ́ọ̀sì náà ló ń fa àrùn dìgbòlugi. Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, ìyẹ̀fun kápúsù tí wọ́n máa ń bù sójú ibẹ̀ kò lè dí dìgbòlugi lọ́nà. Omi àti ọṣẹ la ó fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ká sì sáré lọ sílé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́ nìyẹn.

A gbé Tanímọ̀la sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, a sì forí lé ilé ìwòsàn ẹranko. Obìnrin ni dókítà tó dá wa lóhùn. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó gbé ajá náà sórí òṣùwọ̀n: kílò 20. Ohun kejì ni ìbéèrè: “Sà, kí lẹ ti fún un?” Bàbá mi ní a ò tíì fún un ní nǹkan kan. Ó tún bi í léèrè. Ó ní kí Bàbá má bínú, pé ojú máa ń ti àwọn mìíràn láti sọ òótọ́, wọn á ní àwọn ò fún un ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fún un ní ibuprofen tí èèyàn ń lò fún ìrora. Ó ní oògùn yẹn lè dá egbò sínú ajá, kó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, bí òun kò bá sì mọ̀ pé ó ti lò ó, oògùn tí òun máa fi lé e lè sọ ọ̀rọ̀ di méjì. Mo fẹ́ràn obìnrin náà láti ìgbà yẹn lọ. Kò bínú, kò sì fi wá ṣe òpè.

Lẹ́yìn náà ló tú irun ọrùn ajá náà àti abẹ́ etí rẹ̀. Eégbọn mẹ́ta ló yọ níbẹ̀, ọ̀kan ti mu ẹ̀jẹ̀ yó tó fi tóbi bí ẹ̀wà. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, a sì jókòó dè é. Nígbà tó padà dé, ó ní àrùn tí eégbọn ń kó ran ajá ni. Ehrlichia ni orúkọ bakitéríà náà. Inú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń fara pamọ́ sí, ó sì máa ń dín àwọn ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì kù. Ìdí nìyẹn tí imú fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wọ́pọ̀ púpọ̀ nílẹ̀ olóoru bíi tiwa tí eégbọn kì í tán.

Doxycycline ni oògùn tó kọ fún un. Ó sọ fún wa pé mọ̀lẹ́bí tẹ́tírà ni. Mo bi í pé, “Dókítà mà, ṣé Bàbá onílé wa tọ̀nà nìyẹn?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹni tó sọ òkò sínú òkùnkùn tó ba ẹyẹ, ṣé ọdẹ nìyẹn?” Ó wá bi mí pé kápúsù wo ló wà nínú agolo bàbá náà. Bó bá jẹ́ ampicillin ni, kò lè ṣe nǹkan kan fún kòkòrò yìí. Bó bá jẹ́ tẹ́tírà tó ti kọjá ọjọ́, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Kódà bó bá jẹ́ oògùn náà gan-an, kápúsù méjì péré kò lè wo ohun tó nílò odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ó mú bírò, ó ṣe ìṣirò náà níwájú mi. Lójúmọ́, 10 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan. Kílò 20, ó di 200 mg. Kápúsù 100 mg kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ 28. Kápúsù 56 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe da ìṣirò yìí kọ fún ajá tiyín o. Ìwọ̀n Tanímọ̀la ni, àìsàn Tanímọ̀la ni.

Bàbá mi wo iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́, ó mí kanlẹ̀. “Dókítà, ṣé a ò lè fi ti ọjọ́ mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ ná?”

Ó ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Ó ní láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ajá náà á ti máa jẹun, àwa náà á sì máa rò pé ó ti tán, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní ṣé mo lè kọ nǹkan sílẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Bí iṣẹ́ náà ṣe di tèmi nìyẹn.

Fífún ajá lóògùn rọrùn lẹ́nu ju bó ṣe rọrùn lọ́wọ́ lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi kápúsù sínú àmàlà. Tanímọ̀la lá àmàlà tán, ó fi kápúsù sílẹ̀ ní mímọ́ tónítóní láàárín abọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí n mọ̀ pé òun rí i. Lọ́jọ́ kejì, mo ra ṣáwá yíyan kan, mo la ikùn rẹ̀, mo tì í síbẹ̀. Ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ yẹn, owó ṣáwá wọ inú ìnáwó ilé wa.

Ìyá àgbà wá dá a lábàá pé kí n máa fi mílíìkì inú agolo lé oògùn náà, nítorí pé mílíìkì ń pa oró. Mo fi ìwé tí dókítà kọ hàn wọ́n. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé mi ò gbọdọ̀ fún un ní mílíìkì lásìkò tó bá ń lo oògùn, nítorí èròjà kálísíọ́ọ̀mù inú mílíìkì máa ń di irú oògùn yìí mú nínú ikùn, kò sì ní í jẹ́ kó wọ ara bó ṣe yẹ. Ìyá àgbà ní, “Háà, a jẹ́ pé gbogbo oògùn tí mo ti ń fi mílíìkì gbé mì láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́?” Mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn, mo bá rọra dọ̀bálẹ̀.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo fa ìlà mẹ́rin: ọjọ́, àárọ̀, ìrọ̀lẹ́, ohun tí mo rí. Lábẹ́ ohun tí mo rí ni mo kọ ọ́ sí pé lọ́jọ́ kẹta ó mi ìrù, ó sì jẹ ìdajì oúnjẹ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, ó bì lẹ́yìn oògùn àárọ̀. Mo pe dókítà lórí fóònù Màmá. Ó bi mí pé ìṣẹ́jú mélòó lẹ́yìn tó gbé e mì, ṣé mo rí kápúsù nínú èébì náà, ṣé ó ti jẹun kó tó lò ó. Ó ní kí oúnjẹ máa ṣáájú, àti pé bí ojú rẹ̀ bá wú lójijì tàbí tó bá ń fi ara họ nǹkan kiri, kí n má fún un mọ́, kí n pe òun kíákíá. Kò tún bì mọ́. Mo sì ń fọ ọwọ́ mi lẹ́yìn oògùn kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ní kí n máa ṣe.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Tanímọ̀la lé ewúrẹ́ kan dé òpin òpópónà wa. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá kan tó ń gbé òdìkejì wa wọlé. Ajá tirẹ̀ ń wúkọ́. Ó ti gbọ́ pé oògùn wa dára. Ó ní kí Bàbá mi bá òun yọ mẹ́wàá péré nínú rẹ̀, ṣebí tiwa ti gbádùn.

Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá létí gbogbo ilé. Bàbá mi ti na ọwọ́ sí ọ̀rá oògùn náà. Àgbà máa ń sọ pé oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Èyí tí a wá fi owó gidi rà, ta ni yóò fẹ́ kí ó máa tán lọ lára ajá tó ti ń lé ewúrẹ́? Bẹ́ẹ̀ aládùúgbò ni bàbá náà, òun ló gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn lóru nígbà tí wọ́n fẹ́ bí àbúrò mi. Bàbá mi kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń gba àríyànjiyàn lọ́wọ́ ọmọ.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ ká pe dókítà ká tó yọ ọ́.” Bàbá mi wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé fóònù wá.

Dókítà sọ̀rọ̀ sí gbogbo wa létí. Ó ní bakitéríà tó wà lára Tanímọ̀la kò tíì tán, ó kàn ti dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí ara ajá náà fi fúyẹ́. Bí oògùn bá dúró nísinsìnyí, èyí tó ṣẹ́kù lè sá pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó wá yọjú padà nígbà tó bá ti wọ inú mùdùnmúdùn egungun níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, irú ajá bẹ́ẹ̀ kì í sábà yè. Ó ní ti ajá tó ń wúkọ́, ikọ́ púpọ̀ lára ajá máa ń lọ fúnra rẹ̀, òun kò sì lè sọ irú èyí tó jẹ́ láìrí i. Kí wọ́n gbé e wá.

Ó tún sọ ohun kan tí mi ò ronú kàn rí. Ó ní nígbàkígbà tí ajá bá lo oògùn apakòkòrò, kì í ṣe kòkòrò àìsàn nìkan ni oògùn náà ń bá jà. Ó ń bá gbogbo bakitéríà tó wà nínú ìfun àti lára awọ rẹ̀ jà, títí kan àwọn tí kò ṣe é ní ibi. Àwọn tí kò lágbára á kú, àwọn tó bá lè fara dà á á kù, wọn á sì máa bímọ. Nígbà tí mo ronú sí i, oko Bàbá àgbà wa ní ẹ̀yìn odi ló wá sí mi lọ́kàn. Bí wọ́n bá ro oko tí wọ́n gé gbogbo koríko tó rọ̀, tí wọ́n fi èèkan sílẹ̀, nígbà tí òjò bá rọ̀, èèkan á gba gbogbo ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní kíkéré oògùn kò dára, pípọ̀ rẹ̀ jù náà kò sì dára. Àìsàn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọjọ́ márùn-ún tàbí méje ló tó, ẹni tó bá sì lo ogún ọjọ́ fún un kàn ń tọ́ èèkan ni.

Èèkan yẹn kì í dúró sí ara ajá. Tanímọ̀la ń lá ọwọ́ àbúrò mi, àbúrò mi ń fi ọwọ́ kan náà jẹ ẹ̀bà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ìdílé oògùn kan náà ni wọ́n sì fi ń tọ́jú àwa àti ẹranko wa. Bí bakitéríà bá ti mọ bí a ṣe ń gbójú sókè sí oògùn nínú ajá, kò ní í béèrè bóyá ajá ni tàbí ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tó bá dé ibòmíràn. Alexander Fleming, ọmọ Scotland tó ṣàwárí penicillin ní London lọ́dún 1928, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1945: ó ní ẹni tó bá ń lo oògùn náà ní ìwọ̀n tó kéré jù á kàn kọ́ kòkòrò bó ṣe máa borí rẹ̀ ni. Penicillin kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì àdúgbò wa nígbà yẹn.

Bàbá mi dá ọ̀rá oògùn padà fún mi. Aládùúgbò wa dìde, kò sì dáhùn ìkíni wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dùn wá, pàápàá Màmá. Kò gbé ajá náà lọ sílé ìwòsàn. Ikọ́ náà lọ fúnra rẹ̀, ó sì ń sọ kiri àdúgbò pé láìsí oògùn ahun wa, ajá òun ti gbádùn.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ló kan ológbò. Ìyá àgbà ní ológbò kan tó ń jẹ́ Ẹkùn, tó ń ṣọ́ èlùbọ́ wọn lọ́wọ́ eku. Ẹkùn bẹ̀rẹ̀ sí í sín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ìyá àgbà ní kí n bù nínú ti ajá fún un, wọ́n ní níwọ̀n bó ti kéré, ìdajì á tó o.

Mo ti bi dókítà léèrè nípa ológbò ṣáájú ìgbà yẹn, nítorí mo mọ Ìyá àgbà mi. Èsì rẹ̀ ni pé ológbò kì í ṣe ajá kékeré. Doxycycline tó gbẹ lè há sí ológbò lọ́nà ọ̀fun, kó jó ibẹ̀, kí ọ̀nà náà sì fún pọ̀ débi pé kò ní í lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Èyíkéyìí tí dókítà bá kọ fún un, omi díẹ̀ láti inú síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ tàbí oúnjẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Oògùn mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní enrofloxacin. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ jù fún ológbò, ojú ológbò náà lè fọ́, kó má sì là mọ́. Ti parasítámọ́ọ̀lù tilẹ̀ burú jù. Ara ológbò kò ní agbára tí ara èèyàn fi ń tú u palẹ̀, hóró kan péré tí à ń lò fún orí fífọ́ lè pa á.

Nígbà tí Ìyá àgbà gbọ́ èyí, wọ́n fi ìborùn bo apẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n gbé Ẹkùn sí i, a sì lọ. Dókítà wo ojú rẹ̀, imú rẹ̀ àti ọ̀fun rẹ̀, ó wọn ìgbóná ara rẹ̀. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fa irú rẹ̀. Ológbò náà ń jẹun, ara rẹ̀ kò gbóná, omi tó ń jáde nímú rẹ̀ mọ́. Kí a máa fi òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́ nù ún, kí a máa gbé oúnjẹ rẹ̀ kaná díẹ̀ kó lè gbóòórùn rẹ̀. Bí ikun náà bá yí padà di èyí tó ki tó sì ní àwọ̀ ewé, bí kò bá jẹun mọ́, tàbí tí ọjọ́ mẹ́wàá bá kọjá, kí a padà wá.

Ìyá àgbà dúró, wọ́n ń retí. “Oògùn ńkọ́?”

“Kò nílò oògùn báyìí, Màmá.”

“Ṣé pé mo gbé ológbò wọ kẹ̀kẹ́, ó ya mí lọ́wọ́, mo san owó káàdì, ẹ ò sì fún mi ní nǹkan kan?”

Dókítà kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́ yìí ní yunifásítì kí n lè mọ ìgbà tí mi ò ní í fún yín.” Ìyá àgbà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ẹnu wọn. Lójú tèmi, ó ṣòro fún dókítà láti sọ bẹ́ẹ̀ ju kó kọ oògùn lọ, torí oníbàárà tó bá jáde lọ́wọ́ òfo lè má padà wá mọ́. Ẹkùn kò sín mọ́ ní ọjọ́ kẹjọ.

Tanímọ̀la lo kápúsù kẹrìndínlọ́gọ́ta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Lọ́jọ́ Ajé, a padà lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Iye ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti gòkè padà, èrìgì rẹ̀ sì ti pọ́n. Dókítà ní tí a kò bá bá eégbọn jà, a máa padà wá san owó yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé ajá tó ti gbádùn lè tún kó o. Ó fún wa ní oògùn tí à ń kán sí i lẹ́yìn ọrùn, ó sì ní ti ajá ni, kò gbọdọ̀ kan Ẹkùn, torí irú rẹ̀ mìíràn wà tó lè pa ológbò. Bàbá mi fi símẹ́ǹtì dí àwọn ihò ara ògiri níbi tí ajá ń sùn sí. Èmi àti àbúrò mi ń tú irun rẹ̀ wò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Ti agolo Bàbá onílé, wọ́n gbà kí n bá wọn ka ọjọ́ tó wà lára páálí kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ti kọjá ọjọ́, ọ̀kan ti kọjá láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún mi, mo sì kó wọn lọ fún dókítà kí ó bá wa sọ wọ́n nù bó ṣe yẹ, dípò kí a dà wọ́n sí sálángá tàbí ààtàn tí adìẹ ti ń jẹ̀. Àwọn tó kù, Bàbá onílé ní ẹ̀yìn ń dun àwọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dá wọn padà sínú agolo.

Ìwé àkọsílẹ̀ mi ṣì ní ojú ewé tó kù. Nígbà tí etí ń dun àbúrò mi ní oṣù tó tẹ̀ lé e, tí dókítà èèyàn kọ oògùn olómi ọjọ́ méje fún un, Màmá ló fa ìlà mẹ́rin náà fúnra rẹ̀. Ní ti Tanímọ̀la, ó ti padà sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, ó sì ń jẹ ohun gbogbo tí wọ́n bá gbé fún un, àyàfi ṣáwá. Bí mo bá na ṣáwá sí i, á kọ́kọ́ fi imú tú ikùn ẹja náà wò dáadáa, á wo ojú mi, kó tó pinnu.